“Yes, Sir” Tí Ó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní láti orí ara mi, nítorí ẹni tí kò bá lè fi ara rẹ̀ ṣẹ̀rín kò yẹ kí ó fi ọmọ ẹlòmíràn ṣẹ̀rín.

Ní ọdún 2003, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, mo lọ wá iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Èkó. Iṣẹ́ náà kò ju pé kí n máa ka ẹrù tí ó bá wọlé àti èyí tí ó bá jáde. Mo ti ka ìwé mẹ́fà, mo ti ka Àlùkùránì jáde, mo mọ ìṣirò dáadáa, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ka ẹrù ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ fún ọdún mẹ́ta. Aṣọ mi mọ́, bàtà mi ń dán, èmi sì ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Àwọn mẹ́ta ni ó jókòó níwájú mi, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Wọ́n bi mí ní orúkọ, mo sọ ọ́. Wọ́n bi mí ní ibi tí mo ń gbé, mo sọ ọ́. Wọ́n fún mi ní ìṣirò díẹ̀, mo ṣe é kíá, mo sì rí i pé inú wọn dùn sí mi. Nígbà náà ni èyí tí ó jẹ́ àgbà nínú wọn wá bi mí pé, “Do you mind working at night?” Mo gbọ́ “working”, mo gbọ́ “night”, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni ó ń wí. “Mind” tí èmi mọ̀ ni ọkàn, nítorí náà mo rò pé ó ń béèrè bóyá ọkàn mi wà níbi iṣẹ́ òru. Kí ni iṣẹ́ òru jẹ́ lójú ọmọ tí ó ti ń jí ka kéú ní ìdájí láti kékeré? Mo gbé àyà sókè, mo dáhùn pé, “Yes, sir! Yes, sir!” Ó wo èkejì rẹ̀. Ó tún bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tún ní, “Yes, sir!” Ó fi bírò fa ilà kan sórí ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì jáde tayọ̀tayọ̀. Mo tilẹ̀ ra búrẹ́dì lọ sílé fún àwọn àbúrò mi.

Ó tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ó tó yé mi ohun tí mo ṣe. Yorùbá ní ẹnu ẹni ni a fi í kọ “mé jẹ”. Ohun tí ọkùnrin náà bi mí ni pé, “Ṣé yóò ni ọ́ lára láti máa ṣiṣẹ́ ní òru?” Èmi sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Bẹ́ẹ̀ni ọ̀gá, yóò ni mí lára púpọ̀!” Tíṣà kan ni ó là á yé mi ní ọjọ́ tí mo ń ráhùn fún un pé wọn kò gbà mí nítorí pé n kò ní ènìyàn nínú ilé iṣẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀ mí.

Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó bí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí. Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń bá àwọn àgbà ṣe akọ̀wé, a máa ń pàdé ní ọjọọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Alásárì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, pẹ̀lú tábìlì kan àti àga mẹ́rin. Àwọn tí ó ń wá jẹ́ ọmọ tí ó ti jáde ilé kéú tàbí tí ó ti gba ìwé iṣẹ́ ọwọ́: télọ̀, awakọ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn, àwọn tí ó fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báńkì, àti àwọn méjì kan tí ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bà. Tíṣà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí ó ti fẹ̀yìntì báyìí, ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó sí àga ọ̀gá, kí n fajú ro, kí n sì máa béèrè ìbéèrè. Gẹ̀ẹ́sì mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìwé mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ojú mi le tó ti ọ̀gá ilé iṣẹ́.

Ohun tí ó kọ́kọ́ dà wá láàmú ni àkọ́sórí. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n máa ń tà ní gáréèjì, tí ìbéèrè ogún àti ìdáhùn ogún wà nínú wọn. Irú rẹ̀ ti kún inú fóònù báyìí pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni kọ́ súrà. Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ó mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ wa. Ó dá mi lóhùn pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, òun kì í sì í pẹ́ dé. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni ó fún ìkẹrin, láti ibẹ̀ lọ ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣí kúrò ní ipò. Nígbà tí a dé òpin, mo bi í pé ọjọ́ wo ni ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní nítorí pé òun fẹ́ kí ilé iṣẹ́ náà tẹ̀síwájú.

Àwa tí a ka kéú mọ ohun tí èyí jẹ́. Ọmọ kékeré lè ka odidi súrà láì ṣi ẹyọ kan kà, kí ó má sì mọ ìtumọ̀ gbólóhùn kan níbẹ̀. Nínú ìsìn, kíkà náà ní láádá tirẹ̀. Níwájú ẹni tí ó fẹ́ gbani síṣẹ́, kò ní láádá kankan, nítorí kì í ṣe ẹni tí yóò kéwú fún un ni ó ń wá, ẹni tí wọn yóò jọ máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni ó ń wá. Bí ó bá béèrè ohun kan tí o sì dáhùn ohun mìíràn, yóò rò pé bí òun yóò ti máa rán ọ níṣẹ́ nìyẹn tí ìwọ yóò máa jẹ́ òmíràn.

Ìdí nìyí tí a fi máa ń kọ́kọ́ fi Yorùbá tú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò, kí a tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàn án. Àwọn kan bá wa wí fún èyí. Wọ́n ní ẹni tí yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó gbàgbé Yorùbá. N kò gbà pẹ̀lú wọn rárá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún odidi ọdún mẹ́fà, tí a sì ya olùkọ́ sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a gbé sínú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin lọ. Bí ó bá ti yé ọmọ ní èdè ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wá ọ̀nà.

Ẹ wo ìbéèrè tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn níbi gbogbo: “Tell me about yourself.” Kí ó sọ fún wa nípa ara rẹ̀. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó bá béèrè èyí fẹ́ mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́ ni. Nítorí náà ọmọ wa yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá, yóò sọ agboolé, yóò sọ pé àwọn méje ni ìyá wọn bí, òun ni ìkẹrin, bàbá sì ti dolóògbé. Gbogbo rẹ̀ ni òtítọ́, kò sì sí èyí tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì ti ń wo aago. Ohun tí ó ń béèrè ni: iṣẹ́ wo ni o ti ṣe rí, kí ni ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni ó sì mú ọ wá sọ́dọ̀ wa? Ìṣẹ́jú kan tàbí ìṣẹ́jú méjì ti tó fún un. A máa ń gbé aago lé orí tábìlì, èmi yóò sì máa kọ ẹni tí ó bá tún gba ọ̀nà agboolé lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá kan ìbéèrè tí ó le jùlọ fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa: kí ni ó dé tí a ó fi gba ìwọ, tí a kò ní gba ẹlòmíràn? Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé àwa ni a kọ́ wọn pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀. Bí ọmọ bá ní òun mọ nǹkan ṣe níwájú àgbà, ojú kan náà ni a fi ń lé e sẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí ìbéèrè yìí bá dé, àdúrà ni ó máa ń jáde lẹ́nu wọn: ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ ràn mí lọ́wọ́ sà, Ọlọ́run yóò bùkún fún yín. Bí wọ́n bá sì sọ ohun tí wọ́n ṣe, wọn yóò ní “àwa ni a ṣe é”, àní nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni ó ṣe é. Ẹni tí ó ń gbọ́ kò mọ̀ pé ìtẹríba ni. Ó rò pé ẹlòmíràn ni ó ṣiṣẹ́ náà.

A bá tíṣà jíròrò lórí èyí fún ìgbà pípẹ́, nítorí n kò fẹ́ kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ìgbéraga nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀nà tí a rí ni pé kí wọ́n má ṣe yin ara wọn, kí wọ́n ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, sọ èyí tí ó já lé ọ léjìká nínú rẹ̀, sọ ohun tí o ṣe, sọ bí ó ti parí. Àwọn tí ń kọ́ni ní irú èyí ní ìlú òyìnbó ti fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ṣe orúkọ fún un, èyí tí ó túmọ̀ sí ìràwọ̀. Òyìnbó fẹ́ràn irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà dára, nítorí ìròyìn ni, kì í ṣe fáàrí.

Ọmọbìnrin télọ̀ kan wà láàárín wa tí ó ń wá iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Mo bi í pé kí ó sọ ìgbà kan tí iṣẹ́ há mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní kò há mọ́ òun lọ́wọ́ rí. Mo ní irọ́ ni, kò sí télọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ní ọ̀la Iléyá kan, iná lọ, ọ̀gá rẹ̀ sì ti rìnrìn-àjò, aṣọ mẹ́fà sì kù tí àwọn oníṣòwò obìnrin fẹ́ wọ̀ lọ sí yídì. Ó lọ yá ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní àdúgbò, ó sì fi àtùpà rán aṣọ títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun Àsùbáà. Márùn-ún parí. Kò dúró kí ẹni tí ó ni ẹ̀kẹfà wá bá òun; òun fúnra rẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn ìyá náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sọ òtítọ́ fún un, ó sì bá a fi ọwọ́ ran aṣọ rẹ̀ àtijọ́ kan tí ó ya létí. Ìyá náà ṣì ń gbé aṣọ wá fún wọn títí di òní.

Nígbà tí ó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Tíṣà ní kí ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ó ti wù kí ó já sí. Gẹ̀ẹ́sì náà wọ́ díẹ̀, ó ń kọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní fẹ́ kí ó bá òun ṣiṣẹ́. Kò sì yin ara rẹ̀ níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí “Yes, sir” mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú láìmọ̀. Ní Yorùbá, bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé, “O ò ní ìwé ẹ̀rí ni?” tí ìwọ kò sì ní, wàá ní, “Bẹ́ẹ̀ni, n kò ní.” Bẹ́ẹ̀ni rẹ ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ pé bí ó ti sọ ọ́ ni ó rí. Òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni “yes” àti “no” tirẹ̀ ń wò, kì í wo bí a ti gbé ìbéèrè kalẹ̀. Bí o kò bá ní, “no” ni. Bí o bá ní, “yes” ni, ìbáà ṣe pé àìní ni ó fi béèrè. Ẹ wá wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Ọkùnrin awakọ̀ kan tí ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mẹ́jọ, wọ́n bi í pé, “So you have never driven a lorry?” Ó fẹ́ sọ pé rárá o, mo ti wà á, ó sì ní, “No, sir.” Ẹnu rẹ̀ ni ó fi fọ ọdún mẹ́jọ náà dànù.

Òfin kan ṣoṣo ni a fún wọn lórí èyí, n kò sì tíì rí èyí tí ó wúlò tó o nínú gbogbo ohun tí a ń kọ́ wọn: má ṣe fi “yes” tàbí “no” sílẹ̀ ní ìhòòhò. Fi ìrù sí i. “I have driven a lorry for eight years, sir.” “I don't mind at all, sir. I can work at night.” Bí “yes” tàbí “no” bá tilẹ̀ bọ́ sí òdì, ìrù rẹ̀ yóò tún un ṣe.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ọ̀rọ̀ wa “ó” kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, nítorí náà ọmọ wa yóò pe ìyá ọ̀gá rẹ̀ ní “he”. Bẹ́ẹ̀ sì ni “wọ́n” tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo; bí ó bá gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ń gbọ́ yóò máa ka iye ọ̀gá tí ó ní. Ní ti “v” àti “z” tí kò sí nínú èdè wa, àti “ṣ” tí ó máa ń di “s” lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwa ará Ìbàdàn, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oṣù mẹ́fà jìyà lórí wọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a máa fi imú sọ̀rọ̀. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà yọ ketekete, kí ó má sì sáré.

Ohùn ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Àwa Yorùbá, ohùn ni a fi ń mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀ àti ọkọ́. Bí a bá fẹ́ béèrè nǹkan, a ní “ṣé”, a ní “ǹjẹ́”, kò di ìgbà tí a bá gbé ohùn sókè ní ìparí. Òyìnbó ni ó ń fi ìgbésókè àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn lórí odidi gbólóhùn ṣe ìbéèrè, tí ó sì fi ń ṣe ọ̀wọ̀ pẹ̀lú. Onímọ̀ èdè kan, John Gumperz, ará Amẹ́ríkà, rí bí èyí ti lè da ilé rú ní ibùdókọ̀ òfuurufú kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn obìnrin ará Íńdíà àti Pakistan ni ó ń bu oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ bi ènìyàn bóyá kí wọ́n bu omi ọbẹ̀ ẹran sí oúnjẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, “Gravy”, ṣùgbọ́n ohùn wọn a máa rẹlẹ̀ ní ìparí. Obìnrin òyìnbó ìbá gbé ohùn rẹ̀ sókè, yóò sì dà bí ẹni ní, “Ṣé kí n bù ú sí i?” Èyí tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ dà létí wọn bí ẹni ní, “Ọbẹ̀ nìyẹn, bí o bá fẹ́ gbà á, bí o kò bá fẹ́ fi í sílẹ̀.” Àwọn òṣìṣẹ́ ní aláìmọ̀wàáhù ni wọ́n, àwọn obìnrin náà sì ní wọ́n kórìíra àwọn ni. Ìgbà tí a gba ohùn ìhà méjèèjì sílẹ̀ tí a sì jọ gbọ́ ọ ni ó tó hàn pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1979, Gumperz àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde nínú fíìmù kan tí BBC fi hàn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun pẹ̀lú. Ní ọdún 2006, Celia Roberts àti Sarah Campbell gbé ìwádìí kan jáde fún ìjọba Bìrìtìkó. Wọ́n ya àwòrán àti ohùn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń wá iṣẹ́ tí kò ga, irú èyí tí àwọn àjèjì sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n rí i pé àwọn tí a bí ní ilẹ̀ mìíràn kì í rí iṣẹ́ gbà tó àwọn tí a bí sí Bìrìtìkó, ìbáà ṣe aláwọ̀ funfun tàbí aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí a ti retí pé kí a ròyìn ara ẹni, bí a ti retí pé kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ kí ó sì parí, kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún wọn rí. Wọ́n ń san owó ìtanràn lórí òfin tí a kò kà sí wọn létí. Mo ka èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì wa, ọ̀kan nínú wọn sì ní, “Akọ̀wé, èyí jẹ́ pé kì í ṣe pé a gọ̀.” Mo ní rárá, ẹ kò gọ̀.

Ní ti ìkíni, ẹnu wa kò kò. Tíṣà ní kí wọ́n má kúnlẹ̀, kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀. Èmi ní ó kù sí ẹni tí a bá bá níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tí ó wà ní Ìbàdàn níhìn-ín ni ó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, tí inú wọn yóò sì dùn bí ọmọ bá tẹ orúnkún. A fohùn ṣọ̀kan sórí pé kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n kí, kí wọ́n sì dúró títí a ó fi ní kí wọ́n jókòó. Ṣùgbọ́n lórí ojú, a kò jiyàn. Ọmọ wa a máa wolẹ̀ bí àgbà bá ń bá a sọ̀rọ̀, níbi tí ó ti ń wá iṣẹ́ sì rèé, ẹni tí ó bá wolẹ̀ ni wọ́n ń fura sí. Nítorí náà a ní kí wọ́n máa wo àárín ìpéǹpéjú ọ̀gá. Kò ní dà bí àfojúdi fún wọn, yóò sì dà bí ẹni pé wọ́n ń wò ó lójú. Arábìnrin tí kò bá fẹ́ bọ ọkùnrin lọ́wọ́ lè gbé ọwọ́ lé àyà, kí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ó kí i. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ wáàsí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń ro ti ìrun Jímọ́ọ̀, kí ó dúró di ìgbà tí wọ́n bá bi í pé ṣé ó ní ìbéèrè, kí ó wá sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, kí ó sì sọ bí òun yóò ti san àkókò náà padà.

Gbólóhùn kan wà tí mo ń fi ipá mú gbogbo wọn sọ: “Please, could you say that again?” Kí wọ́n bẹ ọ̀gá pé kí ó tún un sọ. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ó ti le tó fún wọn. Lójú wọn, bí ẹni sọ fún àgbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara ni. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kùn sínú nígbà tí mo bá ń béèrè, tàbí kí n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tí ó bá dáhùn ohun tí kò gbọ́, mo ti lé e dìde nìyẹn. Ìbáṣepé mo mọ gbólóhùn yẹn ní ọdún 2003, bóyá ibi tí mo ti ń ka ẹrù ni mo wà títí di òní, ẹ̀yin ì bá sì má rí ìwé yìí kà.

Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa lọ fi ara hàn fún iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwòsàn kan. A ti dánra wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ó dé, ó ròyìn fún wa pé nínú gbogbo ohun tí a kọ́ ọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. Ìyókù jẹ́ nípa oògùn apakòkòrò àti ohun tí yóò ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀. Ó ní dókítà kan sọ̀rọ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí òun kò gbọ́ nǹkan kan, àyà òun sì já, ṣùgbọ́n òun bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ. Dókítà náà tún un sọ, ó sì rọra sọ ọ́. Ó ní bí ẹni pé a yọ òkúta lórí òun ni.

Wọ́n ní kí ó máa retí lẹ́tà. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, lẹ́tà náà kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń wá ní ọjọọjọ́ Sátidé, ó sì ti gba àga ọ̀gá lọ́wọ́ mi. Ìbéèrè tirẹ̀ le ju tèmi lọ, ó sì mọ ibi tí yóò ti kùn sínú.